Ṣé ká sọ fún ìyá ọmọ pé ínhélà lè jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ máa gbọ̀n?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà kan lọ́nà Bọ́lọ́rundúró. Lóṣù tó kọjá ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wá, ọmọ ọdún 9, ásímà ló ń dà á láàmú, a fún un ní ínhélà aláwọ̀ búlúù, ara ẹ̀ balẹ̀, wọ́n lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún gbé e padà, ó ń mí bíi pé wọ́n fún un lọ́rùn. Mo ní ínhélà ńkọ́? Ìyá ọmọ ní òun ti jù ú sí ṣáláńgá, pé tí ọmọ bá ti fà á, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, màmá ọkọ òun sì ní oògùn yẹn fẹ́ gbẹ̀mí ọmọ ni. Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ lè gbọ̀n. Ọ̀gá mi máa ń ní tá a bá ti ń ka gbogbo nǹkan yẹn fún wọn, wọn ò ní lo oògùn. Ṣé kí n máa sọ ọ́ ni àbí kí n máa dákẹ́?"

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn èèyàn. Ẹ máa sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kó má lọ jẹ́ pé màmá ọkọ ló máa kọ́kọ́ túmọ̀ ẹ̀ fún wọn láàárín òru. Àwọn tí mo rí tó sá fún oògùn nítorí pé wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn ò tó nǹkan rárá, àmọ́ àwọn tó jù ú nù torí pé ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún wọn dé bá wọn lójijì, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n pọ̀.

Mi ò ní ọ̀gá yín ń purọ́ o. Ohun tó ń bẹ̀rù wà bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá yọ bébà inú páálí oògùn, tó wá ń kà á láti òkè délẹ̀ fún ìyá tí ọmọ ẹ̀ ṣì ń mí hẹlẹ, ta ni ò ní sá? Àmọ́ kíkà bébà kọ́ là ń pè ní ṣíṣàlàyé. Ibẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera ti máa ń ṣì í, a rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, ká da gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí tàbí ká pa ẹnu mọ́.

Èmi náà ti pa ẹnu mọ́ rí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní fámásì ní Àkúrẹ́ níbí, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì wá ra ínhélà, eruku pákó ṣì wà ní ìpéǹpéjú ẹ̀, dókítà ló kọ ọ́ fún un. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé e fún un, mo ní bàbá, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mejì tí èémí bá ti há, mo gba owó, ó tán. Bàbá délé, ó fà á, àyà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé kọ́ọ̀bù tíì dúró. Níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó gbà pé àìsàn tuntun ló dé, pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Kò padà sọ́dọ̀ mi, kí ló fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ mi, ó gba ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò wọn lọ, ó ní àyà òun ń lù, ẹni yẹn náà ò bi í léèrè pé oògùn wo lẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ó bu propranolol fún un. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Propranolol máa ń mú kí ọkàn rọra lù lóòótọ́, àmọ́ ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn tí kò yẹ kó sún mọ́ ẹni tó ní ásímà, torí ó ń dí ọ̀nà tí ínhélà fẹ́ gbà ṣiṣẹ́ gan-an. Lóru ọjọ́ kejì wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù, ìyàwó ẹ̀ ní àwọn fín ínhélà sí i lẹ́nu títí, kò ràn án. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn nímú. Ó yè, mo dúpẹ́. Gbólóhùn kan ló yẹ kí n ti sọ fún un: bàbá, àyà yín lè lù kìkì, ọwọ́ yín lè gbọ̀n, oògùn ló ń ṣe é, á lọ. Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí tí ìwọ tó ò ń ṣàlàyé ò bá mọ ìdí ẹ̀, ojú á tì ẹ́ níwájú aláìsàn. Nígbà tí ásímà bá dé séèyàn, ẹran tó yí àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀dọ̀fóró ká máa ń fún pọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fokùn di ọrùn àpò gààrì. Salbutamol, ìyẹn oògùn inú ínhélà búlúù yẹn, ló máa ń tú okùn náà. Láàárín ìṣẹ́jú 5 ẹ ti máa rí i pé èémí ń já geere, agbára ẹ̀ sì máa ń tó wákàtí 4 sí 6. Ilẹ̀kùn kan ló wà lára ẹran inú ẹ̀dọ̀fóró yẹn tí salbutamol jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Àmọ́ irú ilẹ̀kùn yẹn tún wà lára ẹran apá àti ẹsẹ̀, ó wà lára ọkàn náà. Oògùn tó bá ráyè gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá á lọ ṣí àwọn yẹn pẹ̀lú, ni ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ọkàn á máa sáré, orí lè fọ́ díẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ lè fà, ọmọdé míì ò ní lè jókòó sójú kan, á máa fò kiri nígbà tó yẹ kó máa sùn. Oògùn náà ò ya wèrè, iṣẹ́ ẹ̀ náà ló ń ṣe, níbi tá ò rán an ni. Propranolol tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló dà bí ẹni fi igi há ihò kọ́kọ́rọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ dé, kò ráyè wọlé.

Ohun kan tún wà nínú èdè wa tó ń dá kún un. Gbogbo nǹkan tí oògùn bá ṣe tá ò retí, ọ̀rọ̀ kan la máa ń pè é, a máa ní ó gbòdì. Ọwọ́ gbọ̀n, ó gbòdì. Ojú wú, ara sú, èémí tún há sí i, ó gbòdì. Tí wọ́n bá sì ti lè sọ pé oògùn gbòdì lára ọmọ, ó parí nìyẹn, kò sí ìyá tó máa tún fi kàn án lẹ́nu. Èmi kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ọwọ́ gbígbọ̀n mọ́. Mo máa ń sọ pé "ó máa bá oògùn rìn", tí mo bá wá fẹ́ sọ̀rọ̀ èyí tó léwu, ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ pé ó gbòdì. Ẹ dán an wò, ẹ máa rí i pé ojú wọn á yàtọ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ ọ́ nígbà tí ọmọ ṣì ń jà fún èémí. Ìyá yẹn ò gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn, ẹ kàn máa fi kún ìpayà ẹ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ tú ọmọ sílẹ̀. Tó bá ti mí, tó ti lè béèrè omi, tí ìyá náà ti jókòó tó ti nu ojú ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni oògùn náà ń mú kí ọwọ́ ọmọ máa gbọ̀n, ẹ ò sì ní láti fẹnu lásán ṣàlàyé ẹ̀ mọ́, ẹ lè fi hàn án.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Mo máa ń ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀, màá ní kí ọmọ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀, màá wá gbé ewé bébà náà lé ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀. Bébà yẹn á máa gbọ̀n wìrìwìrì ní etí, ẹ máa rí i kedere kódà tí ọwọ́ fúnra ẹ̀ bá dà bíi pé ó dúró jẹ́ẹ́. Màá ní, ìyá, ẹ wo bébà yìí. Màá ní kóun fúnra ẹ̀ fọwọ́ kan àyà ọmọ, kó gbọ́ bó ṣe ń lù. Màá wá sọ fún un pé: "Oògùn tó tú èémí ọmọ yín yìí náà ló ń ṣe èyí o. Kò pa á lára. Ẹ jókòó díẹ̀ ká jọ wò ó." Nígbà tó bá di bí ìṣẹ́jú 30, màá tún gbé bébà kan náà lé ọwọ́ kan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà á ti rọlẹ̀ gan-an, tí kò bá sì tíì lọ tán, màá jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó lọ pátá, àti pé bí ara ọmọ bá ṣe ń mọ oògùn náà sí i, gbígbọ̀n yẹn á máa dín kù. Ìyá tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí bébà tó ń gbọ̀n tó tún dúró, kò sí ohun tí ará ilé máa sọ fún un tó máa mi ín.

Kí wọ́n tó dìde, ẹ má bi í pé "ṣé ó ti yé yín?" Gbogbo èèyàn ló máa ń ní ó ti yé àwọn, pàápàá níwájú ẹni tó wọ aṣọ funfun. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: "Tẹ́ ẹ bá délé, tí màmá ọkọ yín bá ní kí ló ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ yìí, kí lẹ máa sọ fún wọn?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Tó bá ń ta kókó, ẹ tún ibi tó ti ta kókó ṣàlàyé, kó tún un sọ. Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó ń pàṣẹ nínú ilé náà. Tí ìyá bá ní "wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n ṣàlàyé", ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé màmá ni kẹ́ ẹ ránṣẹ́ pè.

Wàyí o, ìdí pàtàkì tí mi ò fi lè fara mọ́ ká dákẹ́ ni pé ínhélà búlúù, oògùn pàjáwìrì ni. Oògùn míì wà tó jẹ́ pé téèyàn bá fò ó lọ́jọ́ kan kò ní tètè hàn. Eléyìí, ìgbà tí èémí bá há ni wọ́n nílò ẹ̀, ní aago méjì òru, nígbà tí kò sí ọkọ̀ lọ́nà oko. Tí ìyá bá ti ń bẹ̀rù gbígbọ̀n, ẹ mọ nǹkan tó máa ṣe? Á fín in lẹ́ẹ̀kan, á rí i tí ọwọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á dáwọ́ dúró, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ò tíì tó nǹkan kan. Fún èémí tó há díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ló sábà máa ń tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ti le gan-an, tẹ́ ẹ ti ń wá ọkọ̀ lọ sọ́sibítù, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí wọ́n máa fín in ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sinmi bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún fín òmíì, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sì máa lọ lọ́nà, kí wọ́n má jókòó sílé kà á. Ọwọ́ á gbọ̀n gan-an nígbà yẹn. Ẹ sọ fún wọn gbangba pé tí èémí bá ṣì há, ọwọ́ gbígbọ̀n kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ ínhélà dúró. Gbólóhùn tó lè gba ọmọ là nìyẹn, ẹni tó bá sì dákẹ́ lórí ọwọ́ gbígbọ̀n ò lè ráyè sọ ọ́.

Gbígbọ̀n yìí tún máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọn ò bá mọ ínhélà fà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín. Ẹ máa rí ẹni tó máa fín in sórí ahọ́n bí ẹni fín pafúùmù, á wá pa ẹnu dé, á gbé e mì. Oògùn tó bá gba ọ̀fun lọ sínú ikùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ọwọ́ á gbọ̀n, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní rí púpọ̀ nínú ẹ̀. Fún ọmọ ọdún 9, ẹ má gbà kó máa fà á láìlo spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń ki ínhélà bọ̀ kí oògùn lè kọ́kọ́ dúró sínú ẹ̀ kí ọmọ tó mí i wọlé. Tí wọn ò bá sì lágbára à ti ra spacer, ike omi 50cl ti tó: ẹ mú kí wáyà gbóná, ẹ fi la ihò sí ìdí ike náà tó máa gba ẹnu ínhélà rẹ́gí, ẹ ki ínhélà bọ̀ ọ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù tàbí téèpù lẹ etí ẹ̀ kó má jò. Ọmọ á fi ẹnu dé ibi tí wọ́n ti ń mu omi, wọ́n á mi ínhélà jìgìjìgì, wọ́n á fín in lẹ́ẹ̀kan sínú ike, ọmọ á wá rọra mí wọlé mí síta bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kì í ṣe ọgbọ́n à-kàn-dá o, àwọn dókítà ní Cape Town, ní South Africa, fi irú ike 500ml tí wọ́n lẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀ wé spacer tí wọ́n ń tà, lára àwọn ọmọdé tí ásímà dé sí, àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1999, ike náà ṣiṣẹ́ bákan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ ike náà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, kí wọ́n má fi aṣọ nu inú ẹ̀, torí tí wọ́n bá fi aṣọ ra á, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara ike.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì salbutamol pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń rà á ní kẹ́míìsì torí owó ẹ̀ ò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá fín ínhélà, 100 microgram ló wà níbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì 4mg ẹyọ kan, ìyẹn 4,000 microgram, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, iye oògùn tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ ti fífín lọ́nà 40! Kò sì ní tètè ṣiṣẹ́, torí inú ikùn ló ń gbà. Mo ti rí ìyá tó ń dá ínhélà lẹ́bi fún ọwọ́ gbígbọ̀n, nígbà tá a tú àpò ẹ̀ wò, tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀.

Ó dáa, èwo wá ni èyí tó gbòdì lóòótọ́? Ẹ fi sọ́tọ̀ fún wọn, kó má ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, kó má bàa pòórá. Tí wọ́n bá fín in tó jẹ́ pé ńṣe ni èémí tún há sí i lójú ẹsẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dá èyí dúró kí wọ́n sáré wá. Tí ojú, ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí nǹkan bá sú sí i lára. Tí àyà bá ń dùn ún, tí ọkàn ń lù ségesège, tàbí tó dákú. Èyí tó ṣẹ́ kù, ásímà fúnra ẹ̀ ló ń le, kì í ṣe oògùn: ọmọ ò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, ẹran àárín egungun ìhà ẹ̀ ń wọlé nígbà tó bá ń mí, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sunkún mọ́, tàbí agbára ínhélà ò tó wákàtí 4 tó fi tún há. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má wo ojú nìkan, torí àwọ̀ tiwa dúdú, inú ètè, ahọ́n àti èékánná ni kí wọ́n wò bóyá ó ti ń ṣe bí eérú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nẹ́búláísà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu fún mímí, ní tiyín, ẹ rántí pé oògùn púpọ̀ lójú kan lè fa potassium, èròjà kan tí ọkàn nílò, wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ti fún un ní aminophylline, oògùn ásímà míì, ìyẹn tiyín àti dókítà ni, ẹ má gbé ìyẹn ka ìyá ọmọ lórí.

Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ yẹn, pé oògùn náà fẹ́ gbẹ̀mí ọmọ, ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Àwọn àgbà ti rí ẹni tó kú tí ínhélà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kódà lókè òkun, láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n ta ínhélà kan tó lágbára gan-an tí oògùn inú ẹ̀ ń jẹ́ isoprenaline, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní ásímà kú ní England àtàwọn ibòmíì lákòókò náà, wọ́n sì di ẹ̀bi ẹ̀ ru oògùn yẹn. Isoprenaline ń gbá ọkàn gan-an, ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n dìídì ṣe salbutamol fún kó má bàa fi bẹ́ẹ̀ da ọkàn láàmú, ọdún 1969 ló dé ọjà. Nítorí náà tí màmá bá ń bẹ̀rù, ẹ jẹ́ kó sọ ẹni tó rí tó kú, ẹ gbọ́ ọ parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, tẹ́ ẹ bá tú u wò, ẹ máa rí i pé ínhélà búlúù nìkan lẹni yẹn ń fà, lójoojúmọ́, bóyá kódà ínhélà ọ̀hún ti ṣófo. Búlúù máa ń tú okùn ni, kò kan ara wíwú tó wà nínú ihò náà rárá. Ẹni tó bá nílò búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, tàbí tó lo odindi ínhélà búlúù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan, kó lọ rí dókítà fún ínhélà kejì, èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú kí ara wíwú yẹn rọlẹ̀, tí wọ́n máa ń fà lójoojúmọ́ kódà tára bá yá. Ìyẹn náà ní tiẹ̀ tó ń bá a rìn, ohùn lè há, funfun lè bo ahọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi omi yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tètè sọ ọ́ fún wọn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Aláboyún náà wà níbẹ̀ o. Wọ́n máa ń dá ínhélà dúró torí wọ́n rò pé ó máa pa oyún lára. Kí wọ́n máa fà á. Èémí tí ìyá ò rí mí ló ń pa ọmọ inú lára.

Ní ti ìyá tó ju tiẹ̀ sí ṣáláńgá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá a wí. Nǹkan tó gbówó lórí ni, látìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK tó ń ta Ventolin, ìyẹn ínhélà búlúù salbutamol, ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n ń ta ínhélà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó lè ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù kò ṣe é tìtorí pé kò bìkítà, ìfẹ́ ọmọ ẹ̀ ló jẹ́ kó jù ú nù. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ò sọ fún un. Mo mọ̀ pé ó nira fún wa láti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo sọ ọ́ fún bàbá sọ́míìlì yẹn nígbà tó kúrò lọ́sibítù, ó wò mí títí, ó ní "ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́", títí dòní ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra oògùn ẹ̀.

Ẹ ní kó mú màmá ọkọ ẹ̀ wá lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ẹ fún ọmọ ní ti ẹ̀ bí dókítà ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ike, lójú wọn. Ẹ gbé bébà lé ọwọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí màmá fúnra wọn di ọwọ́ kejì mú. Ẹ jọ dúró de ìṣẹ́jú 30 yẹn, ẹ lè máa bá wọn sọ̀rọ̀ èéfín iná igi, eruku ọyẹ́ àti igbó tí wọ́n ń sun lóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ń ta ásímà ọmọ náà jí. Tẹ́ ẹ bá tún gbé bébà lé e tẹ́ ẹ rí i pé ó ti rọlẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú bírò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí ínhélà, lédè Yorùbá: "Ọwọ́ lè gbọ̀n, àyà lè lù. Á lọ. Tí èémí bá ṣì há, ẹ máa fín in, ẹ máa bọ̀." Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín sísàlẹ̀ ẹ̀.